Fẹlá Kó Tó Di Fẹlá

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú ìsinmi tó kọjá, ní Ìlá-Ọ̀ràngún, mo gbé fóònù mi síwájú Bàbá Ìlá, mo sì tan orin kan fún wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Bàbá Ìlá; orúkọ tí gbogbo àwa tí wọ́n bí sí Ìbàdàn ń pè wọ́n nìyẹn. Mushin ni wọ́n ti lo ìgbà ọ̀dọ́ wọn, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì wá sílé, kò sì sí àwo Fẹlá kan tí ẹ ó dárúkọ tí wọn ò ní sọ ọdún tó jáde àti irú ṣòkòtò tí àwọn wọ̀ lọ́jọ́ tí àwọn rà á. Wọ́n gbọ́ orin náà fún bíi ìṣẹ́jú kan, wọ́n ní kí n pa á. Wọ́n béèrè ẹni tí ń kọrin. Mo ní Fẹlá ni. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo sọ pé Ọ̀ràngún ti kó ààfin lọ sí Òṣogbo. Wọ́n ní irọ́ ni, pé ọmọkùnrin tí ń kọrin yẹn ò tíì rí ìyà.

Mi ò lè bá wọn jiyàn. Èmi náà, nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo tún àkọlé rẹ̀ kà lẹ́ẹ̀mejì.

Inú àwo tí Fẹlá àti ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ àkọ́kọ́, Koola Lobitos, ṣe lójú agbo ní ilé ijó Afro-Spot ní Yaba, lápá ìparí àwọn ọdún 1960, ni orin náà ti wá. Afro Beat on Stage ni wọ́n pe àwo ọ̀hún. Nígbà tí gbogbo ayé ń wá Zombie àti Lady kiri, ọwọ́ àwọn díẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn kíkó àwo àtijọ́ jọ ni àwọn iṣẹ́ Koola Lobitos kù sí. Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ kó wọn jọ sójú kan, ó sì di ọdún 2016 kí àkójọ náà, àwo mẹ́ta gbáko, tó jáde níbi tí ọmọ ilé ìwé tó ní dátà lè dé. Highlife-Jazz and Afro-Soul (1963–1969) ni àkọlé rẹ̀. Orin ojú agbo Afro-Spot wà nínú rẹ̀: ìlù, gìtá, ọ̀wọ́ àwọn afunfèrè, èrò tó wá ṣe fàájì, àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fọn trumpet bí ẹni tí olùkọ́ rẹ̀ láti London jókòó sí iwájú tó fẹ́ fún un ní máàkì.

Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ìkẹyìn mi ló gbé mi dé ìdí rẹ̀. Bí ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ṣe ń bára wọn fà á nínú orin Yorùbá ni mò ń ṣe ìwádìí lé lórí. Mo ti gbé èrò kan kalẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí gbogbo wa máa ń sọ ní kọ́rídọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa: pé Fẹlá sá fún Yorùbá, ó gba inú Píjìn lọ, nítorí Yorùbá ò lè gbé e dé ibi tó ń lọ. Mo ti kọ orí kìíní tán lórí èrò yìí. Mo ti pa orí kìíní náà rẹ́ báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí tí ẹ ń kà yìí dípò kí n máa tún un kọ.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1938 ni wọ́n bí Olúfẹlá Olúṣẹ́gun Olúdọ̀tun Ransome-Kútì ní Abẹ́òkúta. Ilé tí wọ́n bí i sí kì í ṣe ilé tí èdè ti jẹ́ ohun yẹpẹrẹ. Bàbá rẹ̀ àgbà, Àlùfáà Josiah Ransome-Kútì, wà lára àwọn tó kọ orin ìsìn ní ohùn ilẹ̀ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní kíláàsì fonọ́lọ́jì mọ ohun tí ìyẹn já sí. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin òyìnbó, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀ ni orin á ti máa gòkè, ọkọ á di ọkọ́, ọkọ́ á di ọkọ̀, ìjọ á sì máa kọrin tí kò yé òun fúnra rẹ̀. Bàbá náà jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣáájú, kí orin tẹ̀ lé e. Ní 1922, ó lọ sí London, ó sì kọ orin tó lé ní 40 sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ó ku ọdún 16 kí wọ́n tó bí Fẹlá nígbà náà, ohùn ìdílé wọn sì ti wà lórí àwo ní London, ní Yorùbá.

Bàbá Fẹlá, Israel Olúdọ̀tun, ni ọ̀gá àgbà ilé ìwé Abeokuta Grammar School, òun sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà. Ọkùnrin tó fẹ́ràn orin ni, ó sì fẹ́ràn pàṣán. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ni mo rò pé ó yẹ kí àwa onímọ̀ ẹ̀dá èdè máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ ju bí a ṣe ń ṣe lọ. Obìnrin tó kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Nígbà tó ń ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nínú ìjà owó orí, ó bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ó ró ìró, ó sì ń sọ Yorùbá níwájú àwọn aláṣẹ òyìnbó, kí wọ́n lọ wá ògbufọ̀ tí kò bá yé wọn. Ní 1949, Aláké Adémọ́lá fi orí ìtẹ́ sílẹ̀ nítorí ìjà yẹn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Fẹlá nígbà náà. Ọmọ tó rí i tí ìyá rẹ̀ fi èdè ilé lé ọba kúrò láàfin, ṣé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni á wá rò pé èdè náà ò lágbára? Ó yẹ kí n ti bi ara mi ní ìbéèrè yìí kí n tó kọ orí kìíní.

Ní 1958 wọ́n fi í ránṣẹ́ sí London láti lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Àwọn arákùnrin rẹ̀, Olíkóyè àti Bẹ́kọ̀, di dókítà lóòótọ́. Trinity College of Music ni Fẹlá gbà lọ. (Èmi tí àwọn òbí mi ṣì ń béèrè bóyá mo lè lọ ka ìwé òfin lẹ́yìn ìmọ̀ ẹ̀dá èdè, ọ̀rọ̀ yìí yé mi.) Ọ̀sán, orin àwọn òyìnbó àtijọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ, alẹ́, jazz. Àsìkò náà gan-an ni àwọn ẹgbẹ́ jazz ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tàn bí iná ní àwọn ilé ijó Soho, tí àwọn ọmọ Yorùbá bíi Ambrose Campbell sì ti ń lùlù níbẹ̀ láti ìgbà ogun. Fẹlá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, J. K. Braimah, dá Koola Lobitos sílẹ̀. Ó fẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún, wọ́n bí Yéní, wọ́n bí Fẹ́mi.

Nàìjíríà gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1960, Fẹlá sì pé ọdún 22 ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà. Ọjọ́ orí mi nìyẹn. Mo máa ń rò ó wò: ìlú ẹni ń ṣayẹyẹ, ẹni wà nínú òtútù, ẹni ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọn fèrè bí ọmọ Amẹ́ríkà.

Ó padà sí Èkó ní 1963. Ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba àpapọ̀, NBC, gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ò bá a lára mu. Highlife ni ọba nígbà yẹn. Bobby Benson, Victor Olaiya, Roy Chicago: àwọn wọ̀nyí ni àwọn ènìyàn ń jó orin wọn. Fẹlá ti kọrin pẹ̀lú Olaiya kó tó lọ sí London, torí náà ó mọ ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n highlife lásán ò tó o mọ́. Ó fẹ́ pò ó mọ́ jazz, ó sì pè é ní highlife-jazz. Tony Allen wá di onílù rẹ̀, ẹni tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa sọ nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn olórin ń kan sáárá sí i. Àwọn tó wá jó ń wò ó.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ojú agbo Afro-Spot, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Yorùbá ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n kọ níbẹ̀, àfi orin bíi mélòó kan bíi blues kan tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹ wo àkọlé ọ̀kan: Moti Gborokan. Wọn ò fi àmì sí i, wọn ò pín in bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á kà á sí mo ti gbọ́rọ̀ kan, ìpajẹ tí wọ́n fi kọ́ wa ní ọdún kìíní. Mo jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, mo ń wo ibi tí ohùn òkè ti pàdé ohùn òkè, ibi tí ti ìsàlẹ̀ ti pàdé ti ìsàlẹ̀. Ọmọ ọmọ Josiah ni lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ geerege. Kò sí ibi tí ọkọ ti di ọkọ̀.

Síbẹ̀, nǹkan kan ń ṣe orin náà. Ó gbà mí ní ọjọ́ mélòó kan kí n tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n àlejò ni ọ̀rọ̀ náà nínú orin. Ó wọlé, ó sọ gbólóhùn méjì, ó dìde fún àwọn afunfèrè, àwọn afunfèrè sì ní àkàwé púpọ̀ láti kà fún wa. Wọ́n yára, wọ́n mọ̀wé, wọ́n ń yí kọ́ọ̀dù padà kí ẹsẹ̀ tó rí ibi tẹ̀. Bí ẹ bá yọ Yorùbá kúrò níbẹ̀, tí ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì sí i, ara orin náà kò ní yí padà rárá. Aṣọ ìlú wa ni ó wọ̀. London ni ó ti ń rìn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni ẹ ti mọ̀. Geraldo Pino ti Sierra Leone gbé orin soul wọ Nàìjíríà, ó fi gba àwọn ènìyàn lọ. Fẹlá lọ sí Ghana, ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò, ibẹ̀ ló ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orin rẹ̀ ní Afrobeat ní 1968. Ní 1969 ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ìyà jẹ wọ́n níbẹ̀ fún oṣù bíi mẹ́wàá. Ní Los Angeles ó pàdé Sandra Smith, tí a mọ̀ sí Sandra Izsadore lónìí, ọ̀dọ́bìnrin tó mọ ọ̀rọ̀ àwọn Black Panther, tó fún un ní ìwé Malcolm X kà. Ọmọ Áfíríkà lọ sí Amẹ́ríkà kó tó mọ̀ pé ọmọ Áfíríkà ni òun. Ìyá rẹ̀ ti mọ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n àwa ọmọ kì í gbọ́ ti ilé.

Nígbà tó dé, ó kọ Jẹun Kókú, gbogbo ìlú sì gbà á. Yorùbá ni. Èyí ṣe pàtàkì sí mi, nítorí ó ba èrò mi àkọ́kọ́ jẹ́: orin tó kọ́kọ́ sọ Fẹlá di olókìkí, orin Yorùbá ni. Kì í ṣe èdè ló ti ń dí i lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí. Ara orin ló yí padà. Ó ti dín kọ́ọ̀dù kù títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ku ẹyọ kan, ó ti jẹ́ kí Tony Allen máa darí, ó ti padà sí lílé àti gbígbè, bí a ṣe ń ṣe é nínú àlọ́ àpagbè. Ní 1973 pàápàá, ó mú àlọ́ Ajá tó fi ìyá rẹ̀ pamọ́ sọ́run nígbà ìyàn, èyí tí ìyá ìyá gbogbo wa pa fún wa, ó fi ṣe Alu Jon Jonki Jon. Ẹni tó bá ń sá fún Yorùbá kì í padà lọ jókòó sídìí àlọ́.

Píjìn wá lóòótọ́. Lady àti Shakara jáde ní 1972, àwọn tó tẹ̀ lé wọn sì gba Píjìn lọ, nítorí ó fẹ́ kí Hausa, Igbo, ará Ghana àti ará Cameroon gbọ́ òun láìsí ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún wọn gbọ́. Ọ̀rọ̀ ni Píjìn. Bí ó ṣe ń lé e, bí àwọn obìnrin ṣe ń gbè é, bí ó ṣe ń dá ọ̀rọ̀ dúró kó bàa lè fi èèyàn ṣẹ̀fẹ̀, ilé ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ohun tí mo wá kọ sí orí kìíní tuntun nìyẹn: ní Afro-Spot, ọ̀rọ̀ wà nílé, ara orin wà lájò, lẹ́yìn náà, ó rán ọ̀rọ̀ lọ sí àjò, ó mú ara orin wálé. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rò pé mo ṣi í gbọ́, yàrá ìkàwé ẹ̀ka wa ni mo máa ń wà lọ́sàn-án Wẹ́sídeè.

Ìyókù ìgbésí ayé rẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ti kọ ọ́. Ó yọ Ransome kúrò nínú orúkọ rẹ̀, ó di Aníkúlápó. Lẹ́yìn Zombie, tó fi bú àwọn ọmọ ogun, nǹkan bíi 1,000 sójà ya wọ ilé rẹ̀, Kalakuta, ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977. Wọ́n lù ú, wọ́n sun ilé náà, wọ́n ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ìyá yẹn, tó fi Yorùbá bá òyìnbó jà, kò gbádùn mọ́. Ó kú ní oṣù kẹrin 1978. Ìjọba Buhari jù ú sẹ́wọ̀n ní 1984 lórí ẹ̀sùn owó ilẹ̀ òkèèrè. Ó jáde ní 1986. Mi ò sì ní bo èyí tí kò dùn mọ́lẹ̀: ọkùnrin tí obìnrin tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tọ́ dàgbà, tó fẹ́ ìyàwó 27 lọ́jọ́ kan náà, tó sì fi Lady yẹ̀yẹ́ obìnrin tó bá fẹ́ dá dúró, ó ní ohun tí kò kọ́ nílé. Nígbà tó kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ 1997, Olíkóyè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera rí, kéde ní gbangba pé àrùn AIDS ló pa á. Lásìkò tí àwọn ènìyàn ń fi orúkọ àrùn náà pamọ́ fún ìyàwó àti ọmọ, ó gba ọkàn kí dókítà tó sọ bẹ́ẹ̀ nípa àbúrò rẹ̀.

Wọn ò tíì bí mi nígbà yẹn. Bàbá Ìlá wà lára èrò tó kún Tafawa Balewa Square láti wo òkú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn dúró nínú oòrùn láti àárọ̀, wọ́n sì jí wọ́n ní pọ́ọ̀sì.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orí kìíní tuntun yìí fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú gbogbo àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó máa ń nira fún mi láti bá wọn sọ̀rọ̀. Ìgbómìnà ni wọ́n ń sọ. Yorùbá rédíò ni mo fi ń dáhùn. Mo lè fi àmì ohùn sí ojú ewé kan láìṣe àṣìṣe ẹyọ kan, ṣùgbọ́n bí mo bá la ẹnu ní ọjà Ìlá, ẹni tó ń ta ata á béèrè ìlú tí mo ti wá. Bàbá mi kò fi kọ́ wa. Wọ́n fi ń ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Ìbàdàn, wọn ò sì fẹ́ kí ó ṣe wá bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìlá gbọ́ mi tán. Wọ́n ní ohun tí mo fi ogún ìṣẹ́jú sọ yẹn, ẹni tó bá ti wo Ẹlẹ́wẹ̀ rí ti mọ̀ ọ́n. Egúngún Ẹlẹ́wẹ̀ wa, wọ́n ní, kì í sáré jáde. Ìlù ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ títí ara gbogbo èrò á fi gbóná, ẹsẹ̀ á wá jáde wá dá ìlù lóhùn. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni Fẹlá tí àwọn mọ̀ ní Mushin ṣe máa ń ṣe: gìtá á sọ tirẹ̀, ìlù á sọ tirẹ̀, fèrè á sọ tirẹ̀, ìgbà tí èèyàn bá ti mu ìgò kan tán ni ọkùnrin náà á tó la ẹnu. Ọmọkùnrin inú fóònù mi yìí, wọ́n ní, ó ti sọ̀rọ̀ kí ìlù tó pè é.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lu apá àga, láti fi hàn mí ibi tó ti yẹ kó wọlé. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan ní Ìgbómìnà, láti fi hàn pé mo gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ, wọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe fún mi nígbà mẹ́ta.

Kí n tó padà sí ilé ìwé, wọ́n fún mi ní mẹ́mọ́rì rédíò kékeré wọn, pé kí n fi àwọn orin ọmọkùnrin náà sí i. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti wá gbà pé Fẹlá ni. Wọ́n ní àwọn ò gbà, ṣùgbọ́n ó mọ fèrè í fọn.